Kò Sí

Ọ̀gá Arímọrò ní kí n fi ìràwọ̀ kan sí i.
Ìràwọ̀ kan péré, nínú fáìlì kan,
nínú sáfà tó ń gbóná bí agbada àkàrà
ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà,
níbi tí fáànù ti ń mi orí bí àgbà tó ń tòògbé.
"Orúkọ yòówù tí kò bá sí láyé," ó ní,
"kí ìràwọ̀ yẹn dáhùn fún un.
Kí ó mú ẹni tó ṣìnà wá sọ́dọ̀ wa,
kó rí ìpolówó wa kó tó padà.
Àbí ẹni tó ṣìnà kì í ṣe kọ́sítọ́mà ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́. Owó oṣù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí "kò sí" mọ́ lọ́dọ̀ wa.
Ẹ pe orúkọ tí ẹ lá lálàá, a ó ní "òo".
Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ bọ́tìnnì, a ó ní ẹ káàbọ̀.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé-ìwé kan ní Ìmọ̀
ń bá ojú ewé ìpolówó wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó rò pé ẹbí òun ni.

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló ni.
Ó gbé aṣọ lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni,
ó tà á láwìn, ó kọ orúkọ sínú ìwé pélébé
tí òógùn ti sọ di awọ.
Ọdún yí po, ó padà lọ gba owó.
"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé Ọdẹ́táyọ̀?"
Ní abúlé àkọ́kọ́, ọmọdé kan tó ń gbálẹ̀ dáhùn:
"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, bàbá."
Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun dúró sí.
Ó so bàtà rẹ̀, ó kọjá sí abúlé kejì.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ó ń bọ̀."
Wọ́n ta ẹmu fún un. Wọ́n ta iṣu fún un.
Wọ́n ta ẹní tí yóò sùn lé fún un.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà
tó ń dúró de ẹni tí a kò bí.
Títí ó fi kú, ọmọ tó ń gbálẹ̀ yẹn ló ń súre fún.

Ọjọ́bọ̀ ni Màmá Fálúà wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.
Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ wò fún owó ìfẹ̀yìntì.
Lẹ́tà kan ló fò. Ẹyọ kan.
Sáfà mi kí i káàbọ̀, ó fi tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù hàn án,
ó ní kó kọ nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ síbẹ̀.
Màmá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, ṣé ìjọba ti ń ta tẹ́tẹ́ ni?"
Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ lọ. Ó ti kọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lálẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, tí bátìrì ku díẹ̀,
mo ṣí fáìlì náà, mo wá ìràwọ̀ mi kàn.
N kò pa á rẹ́. Mo so ó mọ́ orúkọ tiwa nìkan:
ẹni tó bá dé àgbàlá wa tó ṣi yàrá,
a ó mú un dé pálọ̀, ilé wa ṣáà ni.
Gbogbo orúkọ yòókù lóde ayé,
ẹnu ọmọ tó ń gbálẹ̀ ni mo fi dáhùn.
Ọ̀gá á bínú lọ́la. Mo ti ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Kí n tó pa iná, mo ṣí ìwé pélébé yẹn
sí gbèsè tó gbẹ̀yìn, pọ́ùn méjì àti ṣílè mẹ́fà.
Mo tẹ orúkọ náà bí ẹni tẹ àdírẹ́sì,
mo sì lóṣòó sórí àga onírin,
mo ń wojú sáfà.

Kò sí, ló wí.
Mo dìde.