Ẹ̀gbẹ́ Òsì

"Jẹun kó o tó máa bọ̀," ni Marisel wí lórí fóònù,
"torí tá a bá ṣe tán, ẹnu rẹ ò ní jẹ́ tìrẹ fún wákàtí mẹ́ta."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ẹnu ń rìnrìn-àjò ni?
Ó ní, "Wàá rí i."

Aago méje àárọ̀, Wínípẹ̀gì ṣì ṣú bí inú ìkòkò.
Yìnyín ti bo ojú wíńdò kíṣìnnì.
Mo din dòdò, mo se ẹyin mẹ́ta,
mo fọ́ ata rodo tó kù nínú fíríìsà sí i,
mo jẹun bí ẹni tí kò mọ ibi tí òun yóò sùn.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan.
Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń fi ọ̀tún jẹun.
Òsì ti di yàrá tá a tì pa,
tá a kàn ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.
Bí ìrẹsì kan bá ṣèèṣì yà síbẹ̀,
bí tíì gbígbóná bá kàn án,
n ó fò dìde lórí àga, n ó di párì mú,
Ìmísí ọmọ mi á ní, "Dádì, ó tún ti dé."

Bàbá mi ò mọ̀ pé wọ́n ń dí eyín.
Eegun adìyẹ ló ń rún lọ́jọ́ náà, ní Ìlá,
tó ṣíwọ́, tó tu nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́,
tó wò ó títí,
tó wá jù ú sórí páànù bí ọmọ ọdún mẹ́fà,
tó sì padà sídìí eegun rẹ̀.
Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé,
ògì àti ẹran lílọ̀ ló kù fún un.
Ó ní ẹran ayé ìsinyìí ò ládùn mọ́.
A ò já a ní koro.

Dókítà Kowalchuk ga, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ohùn rẹ̀ kéré.
Abẹ́rẹ́ wọlé. Mo ka ihò inú sílíìnì dé mọ́kànlélógójì.
Ètè mi wú. Rárá, kò wú,
ó kó jáde ni, kò sọ fún onílé.
Ẹ̀rọ ń ké bí ẹ̀fọn tó gbé irin mì.
Òórùn kan sọ nínú yàrá:
bí ìgbà tí wọ́n ń wi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé.
Èmi ni ewúrẹ́ ọ̀hún.
"Ṣé kò dùn ọ́?"
Kí ni kí n wí, tọ́wọ́ èèyàn méjì wà lẹ́nu mi?

Ilé-iṣẹ́ wa san èyí tó pọ̀. Mo san ìyókù.
"Má mu nǹkan gbígbóná o. Má jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ,"
Marisel ń kìlọ̀ bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n.
Ọmọ kan lóṣù tó kọjá rún ètè tirẹ̀,
ó rò pé búrẹ́dì ni.

Mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Portage.
Ìyá arúgbó kan ń fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀, ó ń wò mí.
Mo fọwọ́ kan tèmi:
itọ́ ti dà síbẹ̀, ó ti gan.

Ebi dé láago kan. Ìmísí ń jẹ ìrẹsì níwájú mi,
kò jẹ ẹ́ kíákíá.
Mo mu omi, ìdajì padà sára ṣẹ́ẹ̀tì.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún.
Mo fẹ́ bú u, ọ̀rọ̀ jáde ní àbọ̀,
ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ètè bẹ̀rẹ̀ sí í jí,
bí èèrà tó ń to gba etí àwo.
Mo jẹ mọ́ínmọ́ín tútù. Ó lọ.
Nígbà tí ilé sùn, mo jí ẹ̀pà kan nínú ìgò,
mo gbé e sí òsì,
mo dijú,
mo já a.
Etí òsì mi gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n ahọ́n ò gbà.
Láti òru yẹn ló ti ń lọ, ló ń bọ̀,
ó ń kan ilẹ̀kùn ihò rẹ̀ àtijọ́,
ó ń fọwọ́ pa ògiri tuntun,
bí ẹni pé ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.