Àdá Méjì

Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, lásìkò ìsinmi gígùn,
Adéṣuyì ọkọ mi lọ ká ápù ní Kẹ́ǹtì,
ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré.
Ó ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin látìgbà náà.
Ẹ̀ẹ̀kan ló mú mi dání.
Mo ti ra bàtà sílẹ̀ de Lọ́ńdọ̀nù;
abẹ́ igi ló mú mi lọ.
Ó ní, “Ibí ni àkàbà ti yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀,
ibí ni Ìyá Páàmà ti gbé tíì gbígbóná fún mi nínú òjò.”
Ó fọwọ́ pa èèpo igi náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí.
Àwọn tó wá wo ìlú ń ya fọ́tò, wọ́n ń lọ.
Ọkọ mi ò ní fọ́tò kan.
Àpá ló ní, ní àtàǹpàkò.

Ẹsẹ̀ a máa gbàgbé ọ̀nà.
Ọwọ́ tí iṣẹ́ ti bó kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n oko kòkó bàbá rẹ̀ wà ní Ìpérindó,
kò jìnnà sí Iléṣà níbí, owó ọkọ̀ ò tó nǹkan.
Kò ká kòkó kan níbẹ̀ rí:
ìwé ni wọ́n ní kó gbájú mọ́.
Igbó ti bò ó. Kì í bèèrè rẹ̀.

Lánàá mo ra àdá méjì l’Ẹ̀rẹ̀jà,
mo ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
“Bàbá Ìbídùn, ìsinmi dé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo gbà fún wa.”
Ó wo àdá, ó wò mí,
ó ní ta ni yóò po tíì.