Afẹ́fẹ́ Inú Bọ́ọ̀lù

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀.
"Ọ̀kún o, Baba. Ọ̀la la bẹ̀rẹ̀.
Ẹ bá wa kó bọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání."
Èmi Metibọba, tí í lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀kẹ́nẹ̀,
mo ti ń lẹ bọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Kàbà
láti ìgbà tí tíúbù ṣì ń bẹ nínú bọ́ọ̀lù,
tí a ń fi okùn di ẹnu rẹ̀ bí ẹnu àpò gààrí.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Ife ẹyọ kan la gbà.
Ọmọ akọ̀wé ló fi ń bu omi mu
títí etí rẹ̀ kan fi já.

Ìyàwó mi ń ṣa kajú lẹ́yìnkùlé.
"Baba Ìpinlayé, kí lẹ tún ń retí lọ́wọ́ wọn?"
N kò fèsì.
Mo ń fi omi ọṣẹ wá ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń jò.

N kò retí ife. Ẹni tó bá ń retí ife ní Kàbà
á fojú ara rẹ̀ rí i lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́kọ́ja.
Mo ń retí kí Medubi, gólì wa,
yéé wo ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá gbá kọ́nà.
Mo ń retí kí orúnkún Ọlọ́rundáre,
tí ìyá rẹ̀ ń fi òrí wọ́ lálaalẹ́,
fara da pápá wa tó le bí ìdí ìkòkò
títí òjò yóò fi rọ̀ ọ́.
Ọmọ kan wà tí wọ́n mú wá láti Ọ̀gìdì,
ọmọ ahunṣọ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀
ń lọ ń bọ̀ bí ọ̀kọ̀ láàárín òwú.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti rí i.
N kò ní í yìn ín. Èyí tí mo yìn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn,
Àbújá ló wà, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Kí n má purọ́,
mo ti búra rí pé ó tó.
Ọjọ́ tí wọ́n na wá ní mẹ́fà sí òdo n'Ìsánlú,
tí bọ́ọ̀sì tún kọṣẹ́ kí a tó dé Mọ̀pà,
tí a ń fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀,
àfi Ìbítóyè, tó gbá pẹnáritì kọjá orí igi,
tó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú:
mo fi irin kan eyín lọ́jọ́ náà.
Ọ̀sẹ̀ kò yí po tí mo ti padà sórí àpáta
lẹ́yìn ilé góòlù,
Ayégbùsì ti jókòó dè mí.
Kò bi mí léèrè ìbúra kankan. Ó kàn sún.

Ọyẹ́ tó kọjá ló lọ.
Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fà mí lọ́wọ́:
"Ta ni wọ́n máa fi ṣe gólì?"
Mo ní Medubi ni.
Ó mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.
Ibi tó máa ń jókòó sí lórí àpáta náà
ṣì ń dán.

Bọ́ọ̀lù kẹrin rèé. Mo ti dí i.
Mo ki páǹpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo tẹ̀, mo tẹ̀,
egungun ẹ̀yìn mi ń han,
ikùn bọ́ọ̀lù ń yọ.
Mo jù ú mọ́lẹ̀. Ó ta padà sí mi lọ́wọ́.

"Ẹyọ kan," mo pariwo sí ẹ̀yìnkùlé.
"Ẹyọ kan kí?"
"Kí a borí lẹ́ẹ̀kan péré n'Ìsánlú."
Ó rẹ́rìn-ín títí kajú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó ní ṣé kí òun yan díẹ̀ fún mi dání lọ́la.
Mo ní kó yan ti ẹni méjì.