Ẹnu Ògiri

Ilẹ̀kùn irin la rà lọ́dún méjì sẹ́yìn
lọ́wọ́ wẹ́dà tó wà ní Màsífà,
àgádágodo méjì, ọ̀kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi.
A gba Sànúsí, ọdẹ òru,
òun àti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àti ṣakabùlà tí kò yìn rí.
Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbẹ̀ Káṣú, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:
à ń sùn, à ń hanrun.

Olúgbémiró ọmọ Láníhun wá bá wa ní Ọjọ́bọ̀ kan,
èyí tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì.
Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, kò jókòó.
Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ilé yìí ní ilẹ̀kùn kejì,
ẹ ò sì tì í."
Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ló bèèrè,
kí á lè ní ẹ̀dà ìwé wa níbòmíràn,
kí ó fi Sátidé mẹ́ta kọ́ wa
bí a ṣe ń dá ojú ayédèrú mọ̀,
kí ẹni méjì sì máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde.

Bàbá Látóyè, alága wa, ṣí fìlà, ó gbọ̀n ọ́n:
"Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún! Lórí ohun tójú ò rí?
Ṣé afẹ́fẹ́ la ó máa rà lọ́wọ́ rẹ ni?"
A rẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́.
Àga oníke la fowó náà rà, aláwọ̀ ewé.

Oṣù Ẹrẹ́nà, ìgbà tí òórùn káṣú ń gba ìgboro kan.
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀.
Mo gbé omi tíì kaná.
Báńkì kọ̀wé sí mi, àbí ẹni tó wọ ẹ̀wù báńkì,
ó ní wọn yóò ti àkáǹtì wa pa kó tó di ọ̀sán,
kí n tètè tẹ ibí yìí, kí n fi ọ̀rọ̀ àṣírí sí i.
Ọ̀rọ̀ àṣírí!
Orúkọ ẹgbẹ́ ni, ení, èjì, ẹ̀ta lẹ́yìn rẹ̀,
mo kọ ọ́ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì
kí n má baà gbàgbé.
Omi ò tíì hó.
Owó igba ènìyàn ó lé méjìlá ti rìn lọ.

Àgádágodo ń bẹ níbẹ̀ o, ó tì gbọin.
Sànúsí fi Kùránì búra pé ẹnikẹ́ni ò kọjá.
Òótọ́ ló sọ.
Olè tí ò fẹsẹ̀ wá, ta ni yóò tọpa rẹ̀?

Owó ṣì kéré nínú ọ̀ràn náà.
Ó kó ìwé wa lọ: orúkọ, nọ́ńbà, iye tí oníkálukú jẹ.
Lọ́jọ́ kẹta ni ohùn kan pe Ìyá Abẹ́bí lórí fóònù.
Ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú.
Ó mọ owó tó yá nítorí ilé ìwòsàn,
èyí tí kò sọ létí ọkọ rẹ̀.
Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, gbogbo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ti gbọ́.
Owó ṣeé dá padà.
Ìyẹn ńkọ́?

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀.
Èmi ni ẹnu ògiri.
Ṣùgbọ́n ta ló mọ ògiri náà
tó ní rírẹ́ ẹ ti wọ́n jù?

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a jókòó sórí àga aláwọ̀ ewé,
a ránṣẹ́ pe Olúgbémiró.
Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.
Alága bèèrè iye, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.
"Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náà ni, Bàbá."
Ìyá Abẹ́bí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn:
"Ẹ kà á mọ́ tèmi tó ti lọ, kí ẹ tó ní ó wọ́n."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo ti ya bébà ara kàlẹ́ńdà.
Ọ̀rọ̀ àṣírí mi tuntun gùn tó gbólóhùn,
ó jẹ mọ́ igi máńgòrò kan
àti ohun tí bàbá mi wí nídìí rẹ̀
lọ́dún tí mo pé mẹ́sàn-án...
Ẹ dákun, ẹ má bi mí mọ́.
Mo tún ti fẹ́ lanu.