Èékánná Irin

Àpótí méjì ló wà níwájú mi lórí káńtà
ní ìsọ̀ Gúnnà, ní Shelton,
láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí òjò ń rọ̀ wínníwínní.
Ọ̀kan, dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Èkejì, irinwó ó lé ọgọ́rin,
owó orí ìjọba kò tíì sí níbẹ̀.

Èékánná irin ni àwọn méjèèjì,
èyí tí a ń so mọ́ ojúgun ká tó gun igi,
kí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn lè di ẹsẹ̀ ológbò.

Ti àkọ́kọ́ fúyẹ́ bí igbá òfìfo.
Awọ rẹ̀ kò nípọn ju etí ewúrẹ́ lọ,
ẹnu rẹ̀ kúrú, ó mú ṣóńṣó,
ó ń dán bí ọkọ ìyàwó tó yáwó ra kóòtù.
Ti èkejì wúwo. Kò rẹ́rìn-ín sí mi.
Irin rẹ̀ gùn dé abẹ́ orúnkún,
tìmùtìmù rẹ̀ gba ojúgun mọ́ra.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n owó ilé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,
Ìbídùn ti ní kí n má gbàgbé eyín Tọ́míwá
tí dókítà fẹ́ fi wáyà tò,
ọkọ̀ mi náà sì ń húkọ́ láràárọ̀.
Ọwọ́ mi ti ń rìn lọ sọ́dọ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Gúnnà, arúgbó tí ìka méjì ti fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀,
bi mí pé, "Igi wo lo fẹ́ gùn?"
Kò bi mí pé èló ló wà lápò mi.
Mo ní igi fìà ni, mẹ́fà, lẹ́yìn ilé opó kan létí omi,
wọ́n fẹ́ gé gbogbo wọn.
Ó mú èèpo kan jáde lábẹ́ káńtà,
ó nípọn tó àkàrà méjì tí a gbé léra.
Ó ki èékánná kúkúrú bọ̀ ọ́:
èèpo gbé e mì.
"Èèpo lo máa dúró lé," ló wí, "èèpo kì í sì í ṣe igi.
Ká ní igi aláwọ fẹ́lẹ́ ni, ǹ bá ní kó o mú kúkúrú, kó o máa lọ.
Èyí tí wọ́n bá sì fẹ́ kó yè, okùn ni kó o fi gùn ún.
Ọgbẹ́ igi kì í jinná,
ńṣe ni igi ń dì í mọ́nú."

Mo dákẹ́.
Bàbá mi ni mo ń wò nínú èèpo yẹn,
Àjàgbé akọ̀pẹ, ará Ìlúpéjú,
ọkùnrin tó lè jẹ gbèsè iṣu,
tó lè wọ ẹ̀wù kan fọ́dún mẹ́ta,
ṣùgbọ́n tí kì í yá igbà, kì í ra igbà àlòkù.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń hun tirẹ̀.
Á fi kọ́ ìdí ọ̀pẹ, á fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn
kó tó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.
Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Àjàgbé, ẹ̀rù ń bà ọ́?"
Á ní, "Ó ń bà mí. Ẹ̀rù yẹn ló ń bá mi tọ́mọ."
Orí ẹní ni bàbá mi kú sí,
lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
kì í ṣe ìdí ọ̀pẹ.

Mo wọ èyí tó wúwo.
Òpó kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.
Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré:
irin wọlé, mo gbọ́ ọ nínú egungun mi.

Igba dọ́là ni mo san sílẹ̀, ìyókù di ìparí oṣù.
Gúnnà gbé àpótí padà sórí pẹpẹ,
ó lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ orúkọ mi: Ajagbi.
Mi ò tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ yìí, ilẹ̀ ni mo wà.
Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń bẹ lókè,
èmi ń ṣa ẹ̀ka,
owó mi dín sí ìdajì, ìbọ̀sẹ̀ mi tutù,
Ìbídùn kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.
Mo gbójú sókè,
mo ń ka èèpo igi.