Má Bọ̀ Mọ́

Ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, a kì í sọ pé ó dàbọ̀.
Ẹnu ọ̀nà yìí nìkan ni mo mọ̀ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́
tí a ti ń sin èèyàn sọ́nà tí a ò ṣàdúrà àbọ̀ fún un.
Àwọn ìyá wa a máa pe àbíkú ní Málọmọ́;
èmi, bí mo bá ti ń tú okùn ẹ̀rọ kúrò láyà ẹni tó yè,
inú lọ́hùn-ún ni mo ti ń sọ ọ́ lórúkọ:
Mábọ̀mọ́.

Bàbá Gbọ́lágadé, káfíńtà, ará Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà lọ́dọ̀ wa,
ẹ̀rọ ń bá a mí, àwa ń ṣọ́ ẹ̀rọ.
Lọ́jọ́ kejìlá ó lajú, ó wo àjà títí,
ó ní ẹni tó kan pákó yẹn kò mọṣẹ́.
Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣúnkẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé ọmọkùnrin kan dé:
ọ̀kadà, ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, ẹ̀jẹ̀ nínú bàtà.
Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin la ní, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kún.
Dókítà wo ìwé, ó wo Bàbá, ó tún wo ìwé.
"Ara wọn ń yá. Ẹ gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin."
Ó ń yá. Kò tíì yá.
Àlàfo kékeré tó wà láàárín méjèèjì,
ibẹ̀ la ti kẹ̀kẹ́ Bàbá gbà.

A kọjá lábẹ́ igi máńgòrò méjì àgbàlá.
Mo gbé fáìlì lé e lẹ́sẹ̀.
Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀
(òun nìkan, aláìsàn méjìlélọ́gbọ̀n)
pé, "Ara wọn le."
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré.
Èmi tí mo mọ̀ pé ikọ́ rẹ̀ a máa há lóru,
pé ìhà òsì ni kí a fi í dùbúlẹ̀ sí,
pé bí ó bá ti ń dákẹ́ jù, kí a sáré.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo rí sọ. Ilé ló ń pè mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aago ṣọ́ọ̀ṣì ń dún,
kẹ̀kẹ́ kan náà, igi máńgòrò kan náà.
Ìyàwó rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, fúláásì ẹ̀kọ lọ́wọ́.
Ó rí mi, ó ní, "Ẹ kú ilé."
Ẹ kú àbọ̀ ló yẹ kí n fi dáhùn.
Mi ò lè sọ ọ́.

Mo ṣí ìwé tí wọ́n kọ fún un lọ́hùn-ún.
Iye mímí, aago mẹ́wàá alẹ́: ogún.
Aago méjì òru: ogún.
Aago mẹ́fà ìdájí: ogún.
Alààyè wo ló ń mí báyìí?
Bírò ló ń mí.
Mo fẹ́ bínú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà,
mo rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó lajú, kò sọ nǹkan kan nípa àjà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti parí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́,
mo máa ń gba abẹ́ máńgòrò lọ sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin.
Ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ fún mi.
Mo gbé ọwọ́ lé àyà ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde,
mo wo aago ọwọ́ mi, ìṣẹ́jú kan gbáko.
Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń kà á pẹ̀lú mi.
Mo ti wá mọ orúkọ rẹ̀: Ibídùn.
Ó lọ́mọ méjì. Òun náà, ilé ń pè é.

Ọjọ́ tí Bàbá máa kúrò lẹ́ẹ̀kejì,
ó ti gbẹ bí igi ìfáyín, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà:
"Nọ́ọ̀sì, ó dàbọ̀ o."
"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"
Ó bú sẹ́rìn-ín.
Mo ka mímí tó wà nínú ẹ̀rín náà:
ọ̀kan. Èjì.
Ẹ̀kẹta pẹ́ díẹ̀,
ó bọ̀.