Ẹ̀ka Tó Jí

Ní Pavlovo, létí odò Oka,
níbi tí àwọn baba wa ti ń rọ àgádágodo,
igi ọsàn kíkan kì í gbé inú oko.
Ojú fèrèsé ló ń gbé, lẹ́yìn gíláàsì onípele méjì.
Ìta ń di yìnyín,
inú ń tan òdòdó.

Ìyá mi àgbà, Faina, ní òfin tirẹ̀:
ẹ má yí ìkòkò igi náà padà.
Ó fi ẹfun sàmì sí etí ìkòkò,
ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sóòrùn lónìí ni kó kọjú sí i lọ́la.
"Ẹni tó ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà,
ẹ má da ọ̀nà rú mọ́ ọn lójú."
Yìnyín ló ń yọ́ fún un mu.
Á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́,
á fi ìka tọ́ ọ wò bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun.
Lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ rírin, ewé kọ̀ọ̀kan, iwájú, ẹ̀yìn.
Èmi ni mo ń ka ewé.
Mo ka igba ó lé mọ́kàndínlógún.
Ó ní mo ṣì í kà, kí n tún un kà.

Tó bá tanná, oyin kankan kò sí nínú ilé,
ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kan ló fi ń ṣe oyin,
láti òdòdó dé òdòdó,
á sì máa kùn yùn-ùn lábẹ́ imú
kí òdòdó má bàa fura.

Klavdia ìsàlẹ̀ ilé kì í kí wa.
Ọ̀rọ̀ páànù kan ni, páànù bàbà tí ìdí rẹ̀ jó.
Ọdún mọ́kànlá.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé wa, lọ́jọ́ tí a sin bàbá àgbà.
Ó dúró pẹ́ lójú fèrèsé.
Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó yára wọ àpò kóòtù.
Ọmọdé ni mí,
mo rò pé aṣọ ìnujú ló ń wá.

Oṣù Kìíní ni páìpù ooru bẹ́ ládùúgbò.
Òtútù wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Faina bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fi wọ igi,
ó so ṣáàlì mọ́ ọn lọ́rùn,
ó jókòó tì í, ó ń mí sí ewé.
Ilẹ̀ mọ́.
Ewé ti dúdú bí ewé tíì tí a sè jù.
Wọ́n ń já, ọ̀kan, ọ̀kan,
wọ́n ń dún lórí pákó ilẹ̀.
N kò kà wọ́n.

Faina kò sunkún.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń bomi rin igi òkú.
Ó ní omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, òun ò ní dà á nù.

Nínú Oṣù Kẹta, ẹnìkan kanlẹ̀kùn.
Klavdia ni. Ó gbá ìkòkò kan mọ́ àyà,
igi inú rẹ̀ ga dé èjìká rẹ̀,
èso kan ló wà lórí rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀,
ó fara pamọ́ sábẹ́ ewé bí ẹni tí ojú ń tì.
"Mo jí i," ló wí. Kò tíì bọ́ bàtà.
"Lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀ka kékeré báyìí.
Mo gbìn ín, mo fi ìgò bò ó.
Mo jí i, ó sì jí."

Faina kò fèsì. Etí ìkòkò ló ń wò.
Àmì ẹfun wà níbẹ̀.
"O ò kì í yí i?"
"Ṣé orí mi dàrú ni?"

Àgádágodo ni iṣẹ́ tèmi náà lónìí, mo mọ bí a ti ń tilẹ̀kùn.
Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá wá kí mi,
tó dúró pẹ́ lójú fèrèsé,
mo máa ń sọ pé ṣúgà ti tán lórí tábìlì,
mo máa ń lọ wá a ní yàrá ẹ̀yìn,
mo sì máa ń pẹ́ kí n tó rí i.